Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò: yíya máàpù ewéko ìbílẹ̀ nínú Igbó Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Ọjọ́ Àìkú, Ìbàdàn

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti ọdún 2005. Kò sí gígé igi níbẹ̀, kò sí ọdẹ ṣíṣe, kò sí ẹja pípa. Níbòmíràn, onímọ̀ ewéko á gé ẹ̀ka kan, á tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn, á sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Nínú igbó yìí, fọ́tò àti nọ́mbà ibùdó (látítíúdì àti lọ́ńgítíúdì) ló máa dúró fún ẹ̀ka náà. Orúkọ tí áàpù ìdánimọ̀ ewéko bá sọ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ kún débi pé ẹni tí kò dé Òṣogbo rí lè wò ó, kó sì fi ẹ̀rí sọ pé, “Rárá o, igi yẹn kọ́.”

Ilé ni irú iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Ohun tí a kò bá tò sórí láàpútọ́ọ̀pù lónìí, kò sí ààyè àtitò ó lábẹ́ igi. QGIS, tí a fi ń ya máàpù, ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù, QField ló wà lórí fóònù Android fún gbígba ibùdó, iNaturalist àti Pl@ntNet sì wà fún wíwá orúkọ. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

A ṣí iṣẹ́ tuntun nínú QGIS, a sì fún un ní EPSG:32631 (kóòdù tó ń sọ ọ̀nà tí máàpù gbà ń ka ibùdó), ìyẹn UTM zone 31 apá àríwá, kí ìwọ̀n lè jẹ́ mítà. Òṣogbo wà ní nǹkan bí dígírì 4.55 ìlà-oòrùn, zone 31 sì bẹ̀rẹ̀ láti dígírì 0 títí dé 6. Ẹni tó bá ń lọ Lọ́kọ́ja ti bọ́ sí zone 32 nìyẹn. Àwọn máàpù àtijọ́ ti Nàìjíríà ní ìdẹkùn kan: Minna datum, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n àtijọ́ ti Nàìjíríà, ni wọ́n fi ya wọn. Bí a bá kó irú máàpù bẹ́ẹ̀ wọlé bí ẹni pé WGS84, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí GPS ń lò, ni, gbogbo nǹkan á sún ju 100 mítà lọ. Nínú igbó tó kéré báyìí, ìyẹn tó láti gbé igi láti etí odò kan sí èkejì. EPSG:26391 ni kí a yàn fún máàpù Minna ti apá ìwọ̀-oòrùn, kí QGIS fúnra rẹ̀ sì yí i padà.

Irú fáìlì máàpù tó ń jẹ́ GeoPackage ni a fi pamọ́, a kò lo Shapefile. Shapefile máa ń gé orúkọ òpó kù sí lẹ́tà 10, ó sì máa ń ba àmì ohùn jẹ́. Àwọn òpó inú tábìlì nìyí: uuid (nọ́mbà ìdánimọ̀ tí kì í jọ ti òmíràn), ọjọ́, kóòdù ẹ̀yà, orúkọ sáyẹ́ǹsì, orúkọ Yorùbá, ẹni tó sọ orúkọ náà, àyíká igi (bí okùn ṣe yí i ká tó) ní 1.3 mítà sí ilẹ̀, bó ṣe débẹ̀, àṣìṣe GPS, àkíyèsí, àti ààyè fọ́tò márùn-ún. Mẹ́ta nínú wọn ń kún fúnra wọn: `uuid()` fún uuid, `now()` fún ọjọ́, `@position_horizontal_accuracy` fún àṣìṣe GPS. Ẹni tó bá fi 1, 2, 3 ṣe nọ́mbà dípò uuid á rí i pé fóònù méjì ti ní igi 1 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fọ́tò wọn á sì wọnú ara wọn lọ́jọ́ tí a bá pa wọ́n pọ̀.

Kí ló dé tí kóòdù ẹ̀yà fi wà níbẹ̀ nígbà tí orúkọ Yorùbá wà? Kọ̀ǹpútà ló fà á. Kò sí àmì kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, tó jẹ́ ọ́. Lẹ́tà kan àti àmì tó lẹ̀ mọ́ ọn ni. Kíbọọ̀dù kan á kọ ọ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, á wá fi àmì òkè lé e. Òmíràn á kọ o lásán, á fi àmì abẹ́ kún un, á tún fi ti òkè kún un. Lójú wa, pónpọ̀lá ni méjèèjì. Lójú QGIS, igi méjì ni. Bí a bá fi orúkọ yẹn so tábìlì méjì pọ̀, ìdajì á já sílẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan. Kóòdù bíi MILEXC fún Milicia excelsa kì í ní irú wàhálà yẹn. Kí orúkọ Yorùbá má bàa ní ọ̀nà ìkọsílẹ̀ mẹ́rin, a tò ó sínú àkójọ tí èèyàn á kàn máa tọ́ka sí. Kò sí títẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi.

Máàpù abẹ́lẹ̀ (èyí tí àmì igi máa dúró lé) gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú igbó kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn olùtọ́jú OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ ti gbogbo ayé, kò gbà kí èèyàn fa àwòrán máàpù wọn lọ́pọ̀ yanturu láti orí sáfà wọn. A mú dátà Nàìjíríà láti Geofabrik, tó ń pín dátà OpenStreetMap fúnni, a gé agbègbè Òṣogbo nínú rẹ̀, a sì lo irinṣẹ́ “Generate XYZ tiles (MBTiles)” láti sọ ọ́ di fáìlì, zoom 13 sí 19. Lẹ́yìn náà ni “Create grid” pín igbó sí àpótí 100 mítà lọ́nà 100 mítà. Àpótí kan jẹ́ hẹ́kítà kan, ṣùgbọ́n iye wọn á ju 75 lọ torí àwọn tí ààlà igbó gé sí méjì.

Ọjọ́ Ajé, Ìbàdàn sí Òṣogbo

A gba ọ̀nà Ìwó. Kò sí ohun tó pọ̀ láti sọ nípa ọ̀nà ju pé kí páwà báǹkì 20,000 mAh ti kún kí a tó gbéra, torí GPS àti kámẹ́rà ló ń mu bátìrì jù.

Ní Òṣogbo, ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni a kọ́kọ́ yà sí, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú ojúbọ. Ó yẹ kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda sọ ọ́ gbangba: fọ́tò nìkan, a kò ní já ewé, a kò ní kan ìṣó tàbí nọ́mbà mọ́ igi, a kò ní fi ọ̀dà sàmì sí i. Ibi tí àwọn àgbà bá ti ní kí kámẹ́rà má dé, àpótí ibẹ̀ á gba àkọlé “a kò wọ̀ ọ́”. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí “a wọ̀ ọ́, a kò rí i”. Máàpù tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ń pa irọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni a yẹ GPS wò ní gbangba, lábẹ́ ojú ọ̀run. Fóònù tó ti wà ní airplane mode láti ìlú kan sí èkejì kì í rí sátẹ́láìtì kíá, torí kò rí ìrànlọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó máa ń sọ ibi tí wọ́n wà fún un. Ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí a jẹ́ kó parí ìyẹn ní gbangba kí a tó wọ abẹ́ igi.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò wá kù. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ àtikọ ibùdó sínú fọ́tò. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ wa ni WhatsApp: bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp á bọ́ ibùdó àti ọjọ́ kúrò lára rẹ̀, á sì fún un mọ́ra kó lè kéré. iNaturalist á wá gba fọ́tò tí kò níbi tó ti wá. Bí kò bá sí ọ̀nà míràn, kí a fi ránṣẹ́ bí document, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ á dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, inú igbó

Ní abẹ́ igi ńlá, àṣìṣe tí fóònù ń fi hàn sábà máa ń wà láàárín 8 àti 20 mítà. Ìlànà wa: bí ó bá ti tó 10 sísàlẹ̀, a gbà á, bí ó bá ju 10 lọ, a ní kí QField kó ìwọ̀n 30 jọ, kí ó mú àárín wọn. Àárín yìí ń dín fífò kù, ṣùgbọ́n kò lè mú ìtànjẹ kúrò níbi tí àmì sátẹ́láìtì ti kọ́kọ́ ta lu igi kó tó dé fóònù. Ìdí nìyí tí òpó àṣìṣe GPS fi ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ: nọ́mbà yẹn ló máa di coordinateUncertaintyInMeters lọ́jọ́ tí dátà bá ń lọ sí GBIF, àkójọ dátà ohun alààyè ti àgbáyé. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lófìfo ti dá oníṣẹ́ ẹ̀yìn lóró.

Fọ́tò márùn-ún ni igi kọ̀ọ̀kan ń gbà. Àkọ́kọ́, gbogbo igi láti òkèèrè. Èkejì, èèpo àti ìdí igi, pẹ̀lú rúlà. Ẹ̀kẹta, ojú ewé; ẹ̀kẹrin, ẹ̀yìn ewé. Ẹ̀karùn-ún ni èso, òdòdó, tàbí ibi tí ọrùn ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Ẹ̀yìn ewé ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ fara pamọ́ sí. Ìrẹ́, Funtumia elastica, ní ihò kéékèèké níbi tí iṣan ẹ̀gbẹ́ ti pàdé iṣan àárín lẹ́yìn ewé. Funtumia africana tó jọ ọ́ kò ní in. Fọ́tò ojú ewé ọgọ́rùn-ún kò lè yanjú ìyẹn.

Torí pé a kò lè sá èèpo igi, oje rẹ̀ kò sí lára ẹ̀rí, àdánù ńlá sì ni fún ìdílé ìrókò, ọ̀pọ̀tọ́ àti ahùn. Ẹ̀ka tí afẹ́fẹ́ ṣẹ́ tó ṣì tutù lè ràn wá lọ́wọ́ bí oje bá ṣì wà níbi tó ti ya. Ewé tó já sílẹ̀ náà dára, àmọ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè ti já ewé sí ìdí èyí, àjàrà tó gun orí rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹlẹ́tàn jù lọ. Kí a kó ewé bíi mẹ́wàá wò nílẹ̀, kí a sì fi kámẹ́rà fa orí igi súnmọ́ láti rí i pé irú rẹ̀ ló wà lókè.

Níbi tí ẹ̀gbẹ́ ìdí igi bá ti nà bíi pátákó, wíwọn àyíká ní 1.3 mítà kò nítumọ̀. 50 sẹ̀ǹtímítà lókè ibi tí pátákó yẹn parí ni a ń wọ̀n. Bí ọwọ́ kò bá dé e, a fojú díwọ̀n, a sì kọ “ìfojúdíwọ̀n” sínú àkíyèsí. Àyíká la kọ sílẹ̀; kọ̀ǹpútà á fi 3.14 pín in láti rí ìbú igi.

Wàyí o, kí ni àwọn áàpù sọ? Pl@ntNet máa ń béèrè bóyá ewé, òdòdó, èso tàbí èèpo ni fọ́tò jẹ́. Kí a dá a lóhùn dáadáa, kí a sì yan ewéko Áfíríkà ilẹ̀ olóoru. Bí a bá fi gbogbo ayé sílẹ̀, igi Brazil àti ti Íńdíà á kún inú èsì. Fọ́tò mẹ́ta ti igi kan lẹ́ẹ̀kan náà dára ju ẹyọ kan lọ. Ìdá tó fi hàn kì í ṣe ìdánilójú. Ó kàn ń sọ bí fọ́tò náà ṣe jọ èyí tó ti rí rí ni. iNaturalist nílò nǹkan bí fọ́tò 100 ti ẹ̀yà kan kó tó lè kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ igi igbó wa kò tíì ní iye yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ̀yà náà rárá, kò lè dárúkọ rẹ̀. Èyí tó jọ ọ́ jù nínú àwọn tó mọ̀ ló máa dá lábàá.

Ìrókò jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa. Ewé ọmọ ìrókò ní eyín létí, ó sì nírun. Ti àgbà ìrókò fẹ́rẹ̀ẹ́ dán láìní eyín. Áàpù lè pè wọ́n ní igi méjì. Tó bá wá dá Milicia regia lábàá, kí a rántí pé láti Gáńbíà dé Gánà ni ìyẹn ti ń hù. Ní Òṣogbo, Milicia excelsa ni. Àràbà àti pónpọ̀lá náà ń da àwọn èèyàn láàmú, torí ewé oníka ni méjèèjì ní, ẹ̀gún sì wà lára wọn nígbà èwe. Òdòdó pónpọ̀lá pupa, ti àràbà funfun, ṣùgbọ́n nínú oṣù Bélú yìí kò sí èyí tó ń tanná. Èyí tí ìdí rẹ̀ kò bá yanjú, a kọ ọ́ sí ìdílé, a sì fi ẹ̀yà sílẹ̀. Afárá rọrùn díẹ̀: èèpo ìdígbò dúdú, ó sì ya gbọọrọ gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀. Ìyẹ́ ara èso afárá funfun, Terminalia superba, fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ti ìdígbò, Terminalia ivorensis, sì gùn. Èso kan nílẹ̀ ti tó.

Ọjọ́rú, etí odò

Ilẹ̀ tútù, ewé gbòòrò níbi gbogbo. Ewé eéran àti gbòdògì kò ṣeé dá mọ̀ láti ojú ewé nìkan. Thaumatococcus daniellii máa ń yọ òdòdó àti èso pupa onígun mẹ́ta sí ìdí rẹ̀ gan-an lórí ilẹ̀. Megaphrynium macrostachyum ń yọ tirẹ̀ sókè lára igi ewé. Nítorí náà ìdí ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. A kò ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lámì; ibi kan tí ewé náà bò jẹ́ àmì kan, a sì kọ bó ṣe fẹ̀ tó ní mítà.

Ohun tí fọ́tò kò lè gbé ni a kọ sí àkíyèsí: òórùn, bí ewé ṣe rí lọ́wọ́. Ewé ìpín, Ficus exasperata, rí lára bíi bébà tí káfíńtà fi ń họ pákó. Kò sí fọ́tò tó lè sọ ìyẹn.

Orúkọ Yorùbá ni iṣẹ́ ọ̀sán. Àwọn eléwé ọmọ ní ọjà ló mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń béèrè ṣe kókó. Bí èèyàn bá sọ pé, “Ìyá, ṣé àyùnrẹ́ nìyí?”, ó lè rí bẹ́ẹ̀ ni gbà nítorí ìtẹríba lásán. “Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, kí lẹ ń pe èyí?” ló yẹ, kí a dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ tí a bá gbọ́, bí wọ́n ṣe pè é ni kí a kọ ọ́, pẹ̀lú ìlú ẹni tó sọ ọ́, torí orúkọ Ọ̀yọ́ àti ti Ìjẹ̀ṣà lè yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń fi ewé náà ṣe, a kò kọ ọ́ àyàfi tí wọ́n bá gbà kí a kọ ọ́. Ìmọ̀ ẹni ni, kì í ṣe dátà ìta gbangba.

Àyùnrẹ́ gan-an kì í ṣe ẹ̀yà kan. Albizia zygia, A. adianthifolia, A. ferruginea, gbogbo wọn ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ewé zygia kò pọ̀, wọ́n tóbi, àwọn tó wà lórí ló sì tóbi jù. Ti adianthifolia kéré, wọ́n sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Nítorí èyí ni òpó orúkọ Yorùbá kò ṣe gbọ́dọ̀ kún òpó orúkọ sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣe é kí fọ́ọ̀mù lè yá. Kò dáa.

Ọjọ́bọ̀, ẹ̀bá igbó

Ibi tí igbó ti pàdé ọ̀nà àti ilé ni òpó “bó ṣe débẹ̀” ti ń ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́ta ló gbà: ó hù fúnra rẹ̀, wọ́n gbìn ín, kò dájú. Ìbéèrè pé ṣé ìbílẹ̀ ni àbí àjèjì, ilé ni a ti ń dáhùn ìyẹn, láti inú Plants of the World Online, àkójọ orúkọ ewéko ti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe lójú ọ̀nà. Ewé Akíntọ́lá, Chromolaena odorata, wá láti Amẹ́ríkà. Tithonia diversifolia olódòdó yẹ́lò tó bo ẹ̀bá títì wá láti Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀. Dóńgóyárò wá láti Éṣíà. Ìyeyè ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: pẹ̀lú bó ṣe wọ oògùn àti ẹ̀sìn wa tó, Spondias mombin ará Amẹ́ríkà olóoru ni. Pèrègún àti akòko yàtọ̀: ìbílẹ̀ ni wọ́n, àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló sábà gbìn wọ́n sí ojúbọ àti ààlà. Lórí iNaturalist, èyí tí wọ́n gbìn gbọ́dọ̀ gba àmì captive/cultivated, kò sì ní di Research Grade, ìyẹn ipele tí ó yẹ fún ìwádìí. Kì í ṣe ìjìyà. Máàpù tó bá ka pèrègún ojúbọ mọ́ èyí tó hù fúnra rẹ̀ ń ya àwòrán ibi tí èèyàn ń gbé ni.

QField ti ń fa ìlà ibi tí a rìn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A wò ó lálẹ́ àná: gbogbo àmì ló rọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ìdí sì ni pé àpótí tí kò ní ọ̀nà kò fa ẹnikẹ́ni mọ́ra. A lo ọ̀sán láti wọ àwọn àpótí tí a gbà wá láàyè àtiwọ̀, ìṣẹ́jú 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan tuntun kò sí nínú púpọ̀ wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìbàdàn

Kí a ti iṣẹ́ pa nínú QField kí a tó da fáìlì kọ. Bí fáìlì kan tó ń jẹ́ .gpkg-wal bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ .gpkg, inú rẹ̀ ni àwọn àkọsílẹ̀ ìkẹyìn wà. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ á pàdánù wọn. Gbogbo fódà ni kí a kó, pẹ̀lú DCIM, fódà fọ́tò inú rẹ̀, torí ọ̀nà sí fọ́tò nìkan ló wà nínú tábìlì. “Merge vector layers” pa fóònù méjèèjì pọ̀, a yọ òpó fid (nọ́mbà 1, 2, 3 tí fáìlì fúnra rẹ̀ ń fún àkọsílẹ̀), uuid sì dúró.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e ni àmì tó bọ́ sóde ààlà. Nọ́mbà tí a bá fọwọ́ kọ ló máa ń yí padà, látítíúdì sípò lọ́ńgítíúdì. Ní Òṣogbo, 7.75 àti 4.55 kéré, wọ́n sì jọra. Bí a bá yí wọn, igi á bọ́ sí ìhà etí òkun Akwa Ibom. Nàìjíríà ṣì ni, nítorí náà àyẹ̀wò “ṣé ó wà ní Nàìjíríà?” kò ní mú un.

Orúkọ sáyẹ́ǹsì lọ sí irinṣẹ́ Species Matching ti GBIF, nínú CSV (fáìlì tábìlì lásán) tí òpó rẹ̀ ń jẹ́ scientificName. EXACT kọjá. FUZZY, ojú èèyàn ló gbọ́dọ̀ kà á, torí lẹ́tà kan lè gbé e lọ sí igi míràn. HIGHERRANK túmọ̀ sí pé ipele tó ga ju ẹ̀yà lọ nìkan ló rí, bíi genus tàbí ìdílé. Ó tún ń fi orúkọ tó ti yí padà hàn: Chlorophora excelsa ti di Milicia excelsa, Vernonia amygdalina tó jẹ́ ewúro ti di Gymnanthemum amygdalinum. A nílò àwọn orúkọ àtijọ́ yìí lọ́wọ́ nígbà tí a dé Forest Herbarium Ibadan, ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, ní FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti Nàìjíríà, ní Jéríkò, torí orúkọ tó wà lára ewé gbígbẹ lè jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n kó o. Ẹni tó bá ń wá Milicia nìkan lè kọjá lára Chlorophora. A gbé fọ́tò ẹ̀yìn ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé gbígbẹ, a sì kọ nọ́mbà ewé tí a fi wé e sínú àkíyèsí.

Bí a bá fẹ́ ṣí CSV nínú Excel, kí a má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Data, From Text/CSV, 65001 Unicode UTF-8. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo àmì ohùn á di wúruwùru, bí a bá sì fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní padà mọ́.

Kí a tó gbé ohunkóhun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a yan èyí tí kò yẹ kí ibùdó rẹ̀ hàn: àwọn igi tí èèpo wọn ń tà lọ́jà, àti ohunkóhun tó súnmọ́ ibi tí àwọn olùtọ́jú kò fẹ́ kí àjèjì dé. “Obscured” lórí iNaturalist ń fi àmì síbì kan ṣáá nínú àpótí 0.2 dígírì, nǹkan bí 22 kìlómítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú máàpù tiwa tó máa jáde síta, a gé nọ́mbà ibùdó wọn kù sí ẹyọ kan lẹ́yìn àmì, bíi 7.8 àti 4.6, èyí tó tó 11 kìlómítà. Kí a rántí fọ́tò náà: bí a bá tọ́jú ibùdó lórí máàpù tí a sì fi fọ́tò tó ní ibùdó nínú sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbà, a kò tíì fi nǹkan kan pamọ́.

Àwọn àyùnrẹ́ tí orí wọn ga jù fún kámẹ́rà wà ní Albizia sp., ìyẹn Albizia tí a kò tíì mọ ẹ̀yà rẹ̀, títí di ìgbà òdòdó. Àràbà àti pónpọ̀lá tí kò dájú, a ti ṣe àkójọ uuid wọn fún oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí òdòdó bá ti já sílẹ̀.